Gíláàsì fèrèsé tó ń pa àwọ̀ dà: ìbéèrè tí ẹ ń bi mí ní ṣọ́ọ̀bù, àti ìdáhùn wọn

Fèrèsé alumíníọ̀mù ni mò ń ṣe ní Àsérò, l'Abẹ́òkúta. Ó ti pé ọdún méjì tí àpẹẹrẹ gíláàsì kan ti wà lórí tábìlì mi. Kò fẹ̀ ju ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé lọ, wáyà méjì ló yọ létí rẹ̀. Bí mo bá fi iná díẹ̀ sí i, á ṣú bí aró. Bí mo bá yí iná náà padà, á tún mọ́ kedere. Kò sí oníbàárà tó rí i tí kì í béèrè nǹkan. Àwọn kan fẹ́ rà á lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù ni mo kó jọ síbí, mo sì fara balẹ̀ dáhùn wọn ju bí mo ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù lọ, torí owó ńlá ni gíláàsì yìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ná owó ilé rẹ̀ sórí ohun tí kò yé e.

Ṣé tíńtì mọ́tò kọ́ nìyí?

Rárá o. Tíńtì tí a ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, bó ṣe ṣú láàárọ̀ náà ló máa ṣú lálẹ́. Èyí tí mò ń sọ yìí, electrochromic ni àwọn onímọ̀ ń pè é: iná mànàmáná ló ń pa àwọ̀ rẹ̀ dà. Nígbà tó bá mọ́, nínú ìmọ́lẹ̀ 100 tó bá lù ú, nǹkan bí 60 ló ń wọlé. Nígbà tí ẹ bá mú un ṣú dé òpin, èyí tó dára nínú wọn kì í jẹ́ kí ó ju 1 tàbí 2 lọ. Síbẹ̀, ẹni tó wà nínú ilé á ṣì máa rí ìta, á kàn dà bí ẹni pé ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ ni.

Mo rí irú ẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan, ó ń funfun bí omi ẹ̀kọ. Òun náà ni?

Òun kọ́. Èròjà kan tó bá ti ojú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tan ló wà nínú ìyẹn. Bí iná bá wà lára rẹ̀, á mọ́. Bí iná bá lọ, á funfun. Ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ rí ìta ló gbọ́dọ̀ máa jẹ iná. Ó dára fún balùwẹ̀ àti yàrá ìpàdé, torí ó ń bo èèyàn lójú, àmọ́ ooru oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ tà á fún yín pé ó ń lé ooru, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Báwo ló ṣe ń pa àwọ̀ dà? Ẹ má fi gírámà dá mi lóhùn.

Ọmọ aláró ni mí, ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ wọlé. Ìtòkú ni ìyá mi ti rẹ adìrẹ kí wọ́n tó dàgbà kọjá iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ti dúró ti ìkòkò aró rí á rántí pé nígbà tí wọ́n bá fa aṣọ yọ, kì í dúdú. Ó máa ń ní àwọ̀ ewé tó ń pọ́n, bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti ń gbó lọ. Bí wọ́n bá ti tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́, ẹ ó máa wò ó lójú kòrókòró: etí rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣú, lẹ́yìn náà àárín, ibi tó ká pọ̀ ló máa gbẹ̀yìn. Ìyá mi kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn án nígbà yẹn. "Ẹ jẹ́ kó mí," ni wọ́n máa ń wí. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún fà á yọ, títí á fi dúdú bó ṣe wù wọ́n.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Nínú ìkòkò yẹn, èròjà aró ti gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn wóró bíńtín tí iná mànàmáná fi ń rìn, kún ti ara rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó yọ́ sínú omi eérú, tí àwọ̀ rẹ̀ sì sá pamọ́. Nígbà tó bọ́ síta, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àwọ̀ aró padà dé. Gbígbà àti fífúnni ni gbogbo rẹ̀. Gíláàsì yìí náà, gbígbà àti fífúnni ló ń ṣe, àfi pé iná ló ń ṣe iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń ṣe ní Ìtòkú.

Ìpele márùn-ún ni wọ́n tẹ́ léra wọn lórí rẹ̀, gbogbo wọn kò sì nípọn tó irun orí. Méjì tó wà lẹ́yìn lọ́tùn-ún lósì ń gbé iná bíi wáyà, ṣùgbọ́n ojú ń ríran gba inú wọn kọjá. Èròjà indium àti tánganran ni wọ́n sábà fi ń ṣe wọ́n. Láàárín wọn, ẹ óò rí tọ́ńgísítìn ọ́ksáìdì lápá kan, níkẹ́lì ọ́ksáìdì lápá kejì (irin tó ti dà pọ̀ mọ́ ọ́síjìn ni à ń pè ní ọ́ksáìdì). Tọ́ńgísítìn yìí náà ni irin tín-ín-rín tó máa ń pọ́n nínú gílóòbù àtijọ́. Ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì dà bí aṣọ́bodè: ó ń jẹ́ kí lítíọ́ọ̀mù, èròjà tó wà nínú bátìrì fóònù, kọjá, kò jẹ́ kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọjá.

Bí ẹ bá tan án, lítíọ́ọ̀mù á kúrò lápá níkẹ́lì, á gba ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè yẹn wọ inú tọ́ńgísítìn. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á gba ọ̀nà wáyà yí ká, òun náà á lọ bá a níbẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí á jókòó ti tọ́ńgísítìn kan. Bí ìmọ́lẹ̀ bá lù ú, á fò lọ sọ́dọ̀ tọ́ńgísítìn tó wà nítòsí, ìmọ́lẹ̀ tó fi fò yẹn ló sì gbé mì. Ìmọ́lẹ̀ pupa àti ooru tí ojú wa kì í rí ló ń gbé mì jù, ìdí nìyẹn tí èyí tó kù fi dà bí aró lójú wa. Níkẹ́lì tí lítíọ́ọ̀mù kúrò nínú rẹ̀ náà á pọ́n bí ewé gbígbẹ. Àwọ̀ méjèèjì ló pa pọ̀ di búlúù tó fẹ́ dúdú yẹn.

Ẹni tó bá ń fọkàn bá mi bọ̀ á ti rí ibi tí ọ̀nà ti yà: aró ń ṣú nígbà tó bá pàdánù, tọ́ńgísítìn ń ṣú nígbà tó bá gbà. Òótọ́ ni. Èyí tó ṣe bí aró gẹ́lẹ́ ni Prussian blue, àwọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Berlin ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1700, tí irin wà nínú rẹ̀. Bó bá gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọ̀ rẹ̀ á sá. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, búlúù á padà. Ọdún 1978 ni Vernon Neff kọ ìwé lórí bí iná ṣe ń yí i padà, àwọn kan sì ń lò ó títí dòní dípò níkẹ́lì.

Ta ló ṣàwárí rẹ̀?

S. K. Deb ló kọ ìwé nípa tọ́ńgísítìn ọ́ksáìdì tó ń pa àwọ̀ dà ní 1969. Láàárín àwọn ọdún 1980, Claes-Göran Granqvist àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Swídìn gbé e wọ ọ̀rọ̀ fèrèsé ilé. Kì í ṣe ohun àná.

Bí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ìdáhùn rẹ̀ dùn. Bó ṣe wà ló máa wà. Iná kò dá àwọ̀ náà dúró, iná kàn ń gbé e débẹ̀ ni. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí ó lè máa ṣí díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í paradà ní kíá.

Iná tó sì ń jẹ kò tó nǹkan. Fún gíláàsì tó jẹ́ mítà 1 níbùú àti mítà 1 lóròó, láti mọ́ títí tó fi ṣú, ó ń gba nǹkan bí agbára tí gílóòbù LED 9 wáàtì ń jẹ láàárín ìṣẹ́jú 1. Ẹ̀rọ kékeré tó ń darí rẹ̀ ló máa ń jẹ díẹ̀ sí i, torí òun kì í sùn. Sólà tó kéré jù nínú ilé á gbé e.

Kí ló dé tí kì í yá?

Tèmi tó wà lórí tábìlì kì í pẹ́, torí ó kéré. Fèrèsé ńlá lè lo ìṣẹ́jú 5, òmíràn 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Etí ni iná ń gbà wọlé, ìpele tó ń gbé iná náà kò sì dán mọ́rán bíi wáyà bàbà, nítorí náà ibi tó súnmọ́ etí ló ń kọ́kọ́ ṣú, àárín á wá tẹ̀ lé e. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, aṣọ ìyá mi ló sọ sí mi lọ́kàn: etí ṣáájú, àárín lẹ́yìn. Ẹ má fi ìyẹn pè é ní àbàwọ́n. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn wákàtí kan gbáko àárín kò tíì bá etí dọ́gba, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ṣé ó máa ń gbó?

Ó ń gbó. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kò ní gbó láéláé ń tàn yín jẹ ni. Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ mú dání jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí ni pé ohun tó ń fún un láwọ̀ náà ló tún ń mú un gbó. Kì í ṣe bíi géètì irin tó ń dípẹtà láti ìta wá.

Ẹ wò ó báyìí. Gbogbo ìgbà tí lítíọ́ọ̀mù bá wọlé, tọ́ńgísítìn ọ́ksáìdì náà á wú díẹ̀. Nígbà tó bá jáde, á fún padà. Èyí tó pọ̀ jù nínú lítíọ́ọ̀mù ń jáde. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ń há sí kọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀, kò lè jáde mọ́. Ó dà bí ilé ìyàwó tí gbogbo àlejò ti lọ, tí ẹnì kan sùn lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan ẹ ò ní mọ̀. Bí a bá ṣe ìyàwó ní ilé kan náà ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá, yàrá ẹ̀yìn á kún, kò ní sí àyè fún àlejò tuntun. Ohun méjì lẹ máa rí lójú fèrèsé: kò ní mọ́ tán mọ́, àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ á máa kù sí i, kò sì ní ṣú tó bó ṣe ń ṣú tẹ́lẹ̀, torí lítíọ́ọ̀mù tó kù tó lè rìn ti dín kù. Bátìrì fóònù yín náà, ìdí tí kì í fi gbé iná di alẹ́ mọ́ lẹ́yìn ọdún mélòó kan bá èyí tan. Bátìrì tó ṣeé wò kọjá ni fèrèsé yìí jẹ́.

Apá níkẹ́lì náà ń rẹ̀. Iye tí apá kan bá fún ni apá kejì lè gbà, nítorí náà àwọn méjèèjì dà bí èèyàn méjì tó jọ gbé pákó: bó bá rẹ ẹnì kan, ẹnì kejì kò lè dá lọ.

Omi ni ọ̀tá kejì. Tọ́ńgísítìn ọ́ksáìdì kì í bá omi tó ní eérú tàbí pótáṣì ṣọ̀rẹ́, ó ń jẹ ẹ́ tán díẹ̀díẹ̀. (Ó máa ń yà mí lẹ́nu: omi eérú tí aró kò lè ṣe láìsí i ni yóò pa ti fèrèsé.) Bí ọ̀rinrin bá gba ibi tí wọ́n fi dí etí rẹ̀ wọlé, àwọn ìpele náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára ara wọn, ẹ ó rí i bí ibi tí ọ̀dà ògiri ti fẹ́ bó.

Eruku náà wà níbẹ̀, àmọ́ ti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é ni mò ń wí. Bí wóró eruku kan bá bọ́ sáàárín àwọn ìpele lọ́jọ́ tí wọ́n ń tẹ́ wọn, iná lè gba ibẹ̀ kọjá tààrà. Nígbà tí fèrèsé bá ṣú, ojú ibẹ̀ á mọ́ bí ìràwọ̀. Ìràwọ̀ kan kò burú. Bí wọ́n bá ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ẹ pe ẹni tó tà á fún yín.

Ṣé ti inú ọkọ̀ òfuurufú náà ń gbó bẹ́ẹ̀?

Ó yàtọ̀. Boeing 787 tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2011 kò ní ìbòjú fèrèsé tí a ń fà wálẹ̀. Bọ́tìnnì ni èrò ń tẹ̀. Viologen ló wà nínú rẹ̀, èròjà kan tó wà nínú nǹkan yíyì bí ògì, òun náà ló sì wà nínú díńgí mọ́tò tó ń ṣú fúnra rẹ̀ bí iná ọkọ̀ ẹ̀yìn bá lù ú. Ó máa ń ṣú dáadáa, ṣùgbọ́n iná gbọ́dọ̀ máa wà lára rẹ̀ kí ó tó lè dúró ní ṣíṣú. Àwọn èròjà bẹ́ẹ̀ kì í sì fara da ìtànṣán oòrùn tó àwọn ọ́ksáìdì. Fún ògiri ilé tí oòrùn á máa lù fún ogún ọdún, ọ́ksáìdì ni mo fara mọ́.

Oòrùn àti ooru Abẹ́òkúta ńkọ́?

Ooru ni mo bẹ̀rù ju oòrùn fúnra rẹ̀ lọ. Gíláàsì tó ṣú ń gbé ooru mì, ara òun fúnra rẹ̀ sì máa ń gbóná gan-an lọ́sàn-án. Ohun tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà máa ń sọ ni pé gbogbo ìgbà tí ooru bá fi 10°C pọ̀ sí i, ìyípadà inú nǹkan a máa yá tó ìlọ́po méjì, yálà ti rere tàbí ti búburú. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń lo gíláàsì méjì tí àyè wà láàárín wọn: ìpele aláwọ̀ náà á wà lára ti ìta, á kọjú sí àyè yẹn, kí ooru tó gbé mì lè padà síta dípò kó wọ pálọ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ta gíláàsì ẹyọ kan fún yín láìní èkejì, gbogbo ooru yẹn lẹ máa bá jókòó.

Ọdún mélòó ló lè lò?

Nínú àyẹ̀wò, iye tí wọ́n sábà fi ṣe àfojúsùn ni pé kó ṣú kó sì mọ́ ní ìgbà 50,000, nínú ooru tó lè tó 85°C àti ìmọ́lẹ̀ tó jọ ti oòrùn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá ń mú un ṣú tí ẹ ń mú un mọ́ ní ìgbà 5 lójúmọ́, 50,000 á gba ọjọ́ 10,000, ìyẹn nǹkan bí ọdún 27. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá ń fi bọ́tìnnì rẹ̀ ṣeré ní ìgbà 30 lójúmọ́, kò ní ju ọdún 4 àti ààbọ̀ lọ tí ẹ ó fi ná iye yẹn tán. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ sì gbàgbé bọ́tìnnì.

Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè pé: ìgbà mélòó lẹ yẹ̀ ẹ́ wò, nínú ooru tó pọ̀ tó kí ni? Bí kò bá lè dáhùn, mi ò ní bá a rà á.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè so ó mọ́ bátìrì sólà mi tààrà?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Èyí tó wà lórí tábìlì mi báyìí, ìkejì ni. Ti àkọ́kọ́, mo jáde lọ sí Lafẹ́nwá lọ́jọ́ kan, ọmọ iṣẹ́ mi sì fẹ́ fi han àlejò. Kò rí ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń tan án, ló bá so wáyà rẹ̀ mọ́ bátìrì 12 fóólítì. Ó ní ó kọ́kọ́ ṣú ju bó ṣe ń ṣú lọ, inú àlejò dùn. Nígbà tí mo fi máa dé, ìhó kéékèèké bíi ti ọṣẹ ti wà lábẹ́ gíláàsì náà, igun kan ti pọ́n, kò sì mọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Mi ò bá ọmọ náà wí, torí èmi ni mi ò sọ fún un.

Fóólítì 1 sí 3 ló ń lò, kì í sábà kọjá 5. Bí iná bá kọjá ìwọ̀n, kì í ṣe lítíọ́ọ̀mù nìkan ló máa tì, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ohun tó wà láàárín sí wẹ́wẹ́, gáàsì á sì jáde nínú rẹ̀. Gáàsì yẹn ni ìhó tí mo rí.

Bó bá ti gbó, ṣé a lè tún un ṣe?

Ní 2015, Rui-Tao Wen, Granqvist àti Gunnar Niklasson ní Yunifásítì Uppsala fi hàn pé tọ́ńgísítìn ọ́ksáìdì tó ti rẹ̀ lè padà bí tuntun. Wọ́n mú iná kékeré kan tí kì í yí padà, wọ́n fi fa lítíọ́ọ̀mù tó há jáde. Àlejò tó sùn sí yàrá ẹ̀yìn, wọ́n rọra jí i, wọ́n sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo ka ìyẹn, inú mi dùn púpọ̀, torí ó túmọ̀ sí pé gbígbó rẹ̀ kì í ṣe ikú. Àmọ́ inú yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti ṣe é, lórí ìpele kan ṣoṣo. Kì í ṣe ohun tí èmi tàbí ẹ̀yin lè fi bátìrì ṣe nílé. Èyí tí omi ti wọ̀, tàbí tó ti ṣí kúrò lára ara rẹ̀, iná kankan kò lè wò ó sàn. Ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Ṣé ẹ lè gé e bá fèrèsé tí mo ti ní?

Rárá. Bí mo bá fi ọ̀bẹ gíláàsì kàn án, ó ti kú nìyẹn. Wíwọ̀n ni mo máa wá wọ̀n, ilé iṣẹ́ á sì ṣe é ní ìwọ̀n yẹn. Bí ẹlòmíì bá máa bá yín tò ó, ẹ wo ohun méjì. Sílíkóònù tó ń rùn bí fínígà kò gbọ́dọ̀ kan etí rẹ̀, torí ásíìdì inú rẹ̀ lè ba ohun tí wọ́n fi dí i jẹ́. Ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ fírémù kò sì gbọ́dọ̀ dí. Mo ti rí fèrèsé tí etí rẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi òjò láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹwàá.

Níbo ló yẹ kí n fi sí nínú ilé mi?

Bí owó yín bá tó fèrèsé gbogbo ilé, ó dáa. Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta súnmọ́ agbedeméjì ayé, ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 sí àríwá rẹ̀, nítorí náà lọ́sàn-án gangan oòrùn máa ń wà lókè orí wa. Bí òrùlé yín bá yọ síta dáadáa, tàbí tí ẹ bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bíi ti àwọn ilé àtijọ́, fèrèsé tó kọjú sí àríwá àti gúúsù kò nílò rẹ̀. Ẹ fi owó yẹn ṣe òrùlé. Ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn ni ìṣòro wà, torí níbẹ̀ oòrùn ń rẹlẹ̀, á gba abẹ́ òrùlé wọlé. Ti àárọ̀ ṣeé fara dà, ilẹ̀ ṣì tutù. Ti ìrọ̀lẹ́, láti aago mẹ́ta títí dé mẹ́fà, lórí ògiri tó ti ń gbóná láti àárọ̀, òun ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè jókòó ní pálọ̀. Bó bá jẹ́ fèrèsé kan ṣoṣo lẹ lè rà, ibẹ̀ ni kí ẹ fi sí.